Owó Ẹbù: Ìdí Tí Ìwádìí Tuntun Fi Ń Kú Kó Tó Hù

Ohun tí mo ní lọ́kàn láti kọ lọ́tẹ̀ yìí ni bí irin ṣe ń dógùn-ún. Àmọ́ lẹ́tà kan wọlé sí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì yí mi lọ́kàn padà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ló kọ ọ́. Òun náà ti di olùkọ́ ní yunifásítì báyìí. Ó ní: "Ẹ káàárọ̀ sà. Wọ́n tún ti dá àbá ìwádìí mi padà. Wọ́n ní mi ò ní èsì ìbẹ̀rẹ̀ kankan tí mo lè fi hàn. Prof, tí mo bá ti ní èsì lọ́wọ́, ṣé màá tún máa tọrọ owó tí màá fi wá a?" Ó fi kún un pé ọkọ òun ti ní káwọn kúkú di ẹrù àwọn, káwọn máa lọ sí Kánádà.

Mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè rẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Mo ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹlòmíràn, lọ́jọ́ tí èmi fúnra mi jókòó síbi táwọn tó ń pín owó ń jókòó sí. Màá sọ ìtàn yẹn tó bá yá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú iṣẹ́ tó ń ṣe, torí ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yẹn kò lè mọ ìdí tí owó kékeré fi ṣe pàtàkì sí i.

Kí là ń pè ní náánò?

Ẹ mú rúlà kan, kẹ́ ẹ wo mìlímítà kan, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín ilà wẹ́wẹ́ méjì. Tẹ́ ẹ bá pín mìlímítà kan yẹn sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni nánómítà. Ìbú irun orí èèyàn tó nǹkan bí 80,000 sí 100,000 nánómítà. Okùn DNA tó gbé àbùdá wa kò ju nǹkan bí nánómítà 2 lọ ní ìbú. Tí àwa onímọ̀ ohun-èlò bá ní "náánò", ohun tó wà láàárín nánómítà 1 sí 100 là ń sọ.

Kí ló wá dé tá a fi ń da ara wa láàmú lórí ohun tójú ò rí? Ìdí méjì ni.

Èkíní, ẹ rántí káún. Ẹ ju odindi òkúta káún sínú omi, kẹ́ ẹ gún òmíràn tó wúwo bákan náà kúnná, kẹ́ ẹ da ìyẹn náà sínú omi. Èyí tó kúnná ló máa kọ́kọ́ yọ́. Káún kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni, àmọ́ ara tó fi kan omi ti pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ mú ohun kan tó dà bí ṣúgà onígun, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1. Ojú mẹ́fà ló ní, nítorí náà gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 6. Ká ní ẹ lè gé e sí wẹ́wẹ́ títí ẹ̀gbẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan á fi di nánómítà 1, ara gbogbo ẹyọ wọ̀nyẹn lápapọ̀ á di mítà onígun mẹ́rin 6,000. Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí pápá bọ́ọ̀lù, láti inú ohun tẹ́ ẹ lè jù sínú tíì!

Èkejì, nǹkan máa ń yí ìwà padà tó bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀. Wúrà tá a mọ̀ máa ń dán bí àwọ̀ ìyeyè. Lọ́dún 1857, Michael Faraday ní Lọ́ńdọ̀nù tú wúrà sínú omi ní wẹ́wẹ́ tó kéré débi pé omi náà pọ́n bíi sóbò. Díẹ̀ lára èyí tó pò lọ́wọ́ ara rẹ̀ ṣì wà ní Royal Institution títí di òní. Wúrà náà kò tíì di nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n bó ṣe ń bá ìmọ́lẹ̀ lò ti yí padà. Fàdákà náà bẹ́ẹ̀. Àwọn ògbólógbòó ti mọ̀ tipẹ́ pé fàdákà kì í jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí gbilẹ̀, ṣùgbọ́n tá a bá sọ ọ́ di náánò, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ṣe iṣẹ́ ńlá. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n ń fi fàdákà irú èyí pa ara ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mímu.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀. Tí nǹkan bá ń yí ìwà padà bó ṣe ń kéré sí i, a ò lè jókòó sínú ọ́fíìsì ká fi ìwà wúrà ńlá sọ ìwà wúrà kékeré. A ní láti gbìyànjú rẹ̀ ká tó mọ̀, ìgbìyànjú sì ń gba owó kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá èrè wà níbẹ̀.

Ẹbù kì í ṣe iṣu

Àwọn òyìnbó ń pe irú owó yìí ní owó irúgbìn. Èmi ò fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀, torí tí mo bá ní kẹ́ ẹ wá gbin irúgbìn, ẹ ó rò pé mo fẹ́ gbé igbá ọrẹ kiri ni. Owó ẹbù ni màá pè é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà lóko mọ ẹbù. Iṣu tá a gé ni, tá a fi eérú pa ojú ibi tá a gé, tá a rì mọ́ inú ebè. Lẹ́yìn tá a bá ti rì í tán, a ò ní rí i fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Òmíràn á hù, òmíràn á rà, ikán á jẹ òmíràn. Síbẹ̀ kò sí àgbẹ̀ tó máa di ẹbù mú lọ́wọ́ táá ní: "Kọ́kọ́ fi iṣu tó o máa ta hàn mí ná, kí n tó gbìn ọ́." Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, a máa ní oòrùn ti pa á lórí.

Bẹ́ẹ̀, ohun tá à ń sọ fáwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ wa gan-an nìyẹn.

Nǹkan mẹ́ta la fi ń dá owó ẹbù mọ̀. Ó kéré, torí ìbéèrè kan ṣoṣo ló fẹ́ dáhùn. Àkókò rẹ̀ kúrú, ọdún kan tàbí méjì. Èyí tó wá le jù lọ́dọ̀ wa ni pé ẹni tó fún ni ti gbà látìbẹ̀rẹ̀ pé ó lè má so. Tí èyí kẹta yẹn bá ti kúrò níbẹ̀, owó iṣu ni, kì í ṣe owó ẹbù mọ́.

Téèpù tí wọ́n fẹ́ jù nù

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Andre Geim, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì kan níbẹ̀, ní àṣà kan: ó máa ń ya díẹ̀ lára àkókò rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, sọ́tọ̀ fún ìgbìyànjú tí ẹnikẹ́ni ò fún un lówó fún. Òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ ń pè é ní ìgbìyànjú alẹ́ Ẹtì. Òun náà ló ti kọ́kọ́ fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì gbé àkèré sókè lófuurufú. Àwọn kan fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ apanilẹ́rìn-ín lọ́dún 2000.

Ó wá ń wá bó ṣe máa rí graphite tó fẹ́lẹ́ gidigidi. Graphite ni ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsùlù. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí graphite máa ń lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ojú rẹ̀, wọ́n á já a kúrò kí ojú rẹ̀ lè mọ́, wọ́n á sì ju téèpù nù. Geim àti Konstantin Novoselov wo téèpù tó yẹ kó lọ sínú garawa ìdọ̀tí, wọ́n sì rí i pé èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn fẹ́lẹ́ ju gbogbo èyí tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ha lọ. Wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, wọ́n ń já a, títí wọ́n fi rí ewé erògíràfáìtì tí ìnípọn rẹ̀ kò ju átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lọ. Òun là ń pè ní graphene.

Nígbà tí wọ́n kọ ọ́, ìwé àtìgbàdégbà Nature dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Science ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004. Lọ́dún 2010, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel. Lọ́dún 2013, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ètò graphene tí wọ́n ya bílíọ̀nù kan owó yúrò sọ́tọ̀ fún láàárín ọdún mẹ́wàá. Lọ́dún 2015, wọ́n ṣí ilé ìwádìí graphene kan sí Manchester, tí wọ́n fi mílíọ̀nù 61 pọ́n-ùn kọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí rèé. Geim fúnra rẹ̀ sọ nínú ọ̀rọ̀ Nobel rẹ̀ pé láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn gbìyànjú irú nǹkan báyìí tó nǹkan bí mẹ́rìnlélógún, pé ọ̀pọ̀ jù lọ ló já sí òfo, pé mẹ́ta péré ló so. Mẹ́ta nínú mẹ́rìnlélógún! Ká ní ìgbìmọ̀ wa kan ló ń ṣọ́ ọ, ìgbà tí ìkarùn-ún bá já sí òfo ni wọn ì bá ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí àwọn mìíràn ṣe ṣètò rẹ̀

Ẹ má rò pé orí rere nìkan ló ń ṣe é o. Àwọn kan jókòó, wọ́n ṣètò rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2000, Ààrẹ Bill Clinton lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Caltech láti kéde ètò ńlá tí Amẹ́ríkà fẹ́ ṣe lórí náánò. Níbẹ̀ náà ni Richard Feynman ti sọ ọ̀rọ̀ olókìkí rẹ̀ lọ́dún 1959, nípa àyè tó pọ̀ nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ ohun kékeré. Tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀, ogójì ọdún ló wà láàárín ọ̀rọ̀ ẹnu àti owó ìjọba.

Nínú àjọ NSF, tó ń fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà lówó, àpò kan wà láti ọdún 2009 tó ń jẹ́ EAGER. Fún èrò tó ṣì tutù, tó sì léwu pé ó lè má so, ni. Wọ́n gbé òdiwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ sí 300,000 dọ́là fún ọdún méjì ó pọ̀ jù. Ẹni tó fẹ́ ẹ á kọ́kọ́ bá òṣìṣẹ́ àjọ tó mọ iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Tí èrò náà bá wọ̀ ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ máa ń gbé e yẹ̀ wò láàárín ara wọn, láìfi dandan rán an sí àwọn adájọ́ ìta. Kí ló dé? Torí wọ́n mọ̀ pé adájọ́ ìta á béèrè èsì ìbẹ̀rẹ̀ ni, èrò tuntun kò sì ní i.

Nílé wa ńkọ́?

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ yìí ò ṣeé ṣe nílẹ̀ Yorùbá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní LAUTECH, ẹgbẹ́ oníwàádìí kan wà tó ń jẹ́ NANO+. Wọ́n ti fi èèpo kòkó, èèpo obì gbànja, kódà òwú aláǹtakùn, ṣe fàdákà náánò. Èèpo kòkó tí àwọn ìyá wa ń sun kí wọ́n tó fi eérú rẹ̀ ṣe ọṣẹ dúdú, òun náà ni!

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ ó tú iyọ̀ fàdákà tí wọ́n ń pè ní silver nitrate sínú omi. Omi náà á mọ́ gaara. Ẹ ó wá da omi tẹ́ ẹ ti fi èèpo sè sínú rẹ̀. Àwọn èròjà inú èèpo náà á sọ fàdákà tó ti yọ́ sínú omi di fàdákà gidi, ẹyọ wẹ́wẹ́, wọn ò sì ní jẹ́ kó dì pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọ̀ omi náà á máa yí padà di àwọ̀ ilẹ̀. Ojú lásán lẹ fi máa rí i.

Ẹ ríi pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ̀rí ló wọ́n. Ẹni tó máa gbà yín gbọ́ á ní: báwo ni ẹyọ rẹ̀ ṣe tóbi tó? Ẹ nílò máíkírósíkóòpù onílẹ́kítírọ́ọ̀nù láti dáhùn. Ṣé fàdákà ni lóòótọ́? Ẹ nílò ẹ̀rọ X-ray tó ń fi bí átọ́ọ̀mù ṣe tò hàn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ni kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ó wà, àmọ́ iná ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Nítorí náà, a ó di àpẹẹrẹ sínú ìgò kékeré, a ó fi ránṣẹ́ sókè òkun, a ó sì san owó lórí ìgò kọ̀ọ̀kan, ní dọ́là. Nínú owó oṣù olùkọ́ kékeré!

Òótọ́ ni pé a ní TETFund. Owó orí ẹ̀kọ́ táwọn ilé-iṣẹ́ ń san lára èrè wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti ìgbà òfin ọdún 1993, kí òfin ọdún 2011 tó sọ àjọ náà di TETFund. Owó ìwádìí ńlá ti orílẹ̀-èdè wà nínú rẹ̀, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń pín fún àwọn olùkọ́ tirẹ̀ náà sì wà. Èyí kejì yìí ló sún mọ́ ẹbù jù lọ. Èmi ò ní bú un, torí ó ti ran ọ̀pọ̀ nínú yín lọ́wọ́. Ibi tó ti ń há ni ọ̀dọ̀ àwa tá à ń jókòó láti pín in.

Ìtàn tí mi ò fẹ́ sọ

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Mo wà nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé àbá wá. Ó fẹ́ fi fàdákà náánò pa ara ìkòkò amọ̀ tí wọ́n mọ lágbègbè wa, kó wò ó bóyá á pa kòkòrò inú omi kànga, àti bóyá fàdákà náà á máa ṣí bọ́ sínú omi tí èèyàn máa mu. Owó tó béèrè kò tó èyí tá a fi ń ṣe ìpàdé ọdọọdún wa.

Mo bi í pé, "Èsì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ dà?" Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òun gan-an ni mo fẹ́ fi owó yìí wá." A rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín àgbà sọ́mọdé ni, àmọ́ ẹ̀rín ni. A gbé owó náà fún àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti ní èsì rẹpẹtẹ, tí kò sì nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọdún yẹn, ọmọkùnrin náà ti lọ. Ìkòkò amọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ṣe é mọ́ níbẹ̀.

Mi ò lè sọ pé ìwádìí rẹ̀ ì bá so. Bóyá ì bá rà. Ohun tó ń dùn mí ni pé a ò mọ̀, a ò sì ní mọ̀ láéláé, nítorí owó tí kò tó nǹkan.

Ohun tí mo kọ sí ọmọ mi

Mo dá akẹ́kọ̀ọ́ mi lóhùn, mo sì rò pé á wúlò fún ẹ̀yin náà.

Kọ ìbéèrè kan ṣoṣo, tí ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láàárín ọdún kan. "Mo fẹ́ tún omi Nàìjíríà ṣe" kì í ṣe ìbéèrè.

Sọ ohun tó o máa ṣe tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá ti ro òfo tẹ́lẹ̀ ló mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò náni lówó. Àwọ̀ tó yí padà nínú ìgò, ya fọ́tò rẹ̀, kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ ẹni tó ní ẹ̀rọ ní ẹ̀ka mìíràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyẹn náà ti di èsì ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgò mẹ́ta tó o yàn dáadáa sàn ju ọgbọ̀n tó o kàn kó jọ. Fi èyí ṣírò owó rẹ.

Má ṣàsọdùn. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè, tó ní igba lòun gbìn, tó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di àgbà nínú ìgbìmọ̀ lónìí, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀ nínú àwọn tó ń ka èyí. Ọ̀rọ̀ tiyín kúrú. Ẹ ya àpò kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò tíì gba owó rí, kó má bàá máa bá ọ̀jọ̀gbọ́n jà níbi kan náà. Ẹ tètè san án, torí owó tó bá dúró lọ́fíìsì fún ọdún kan, náírà á ti já kó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa fi ra kẹ́míkà. Ẹ gba ìròyìn òfo tí wọ́n kọ dáadáa gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó parí, kẹ́nìkan má bàá tún gba ọ̀nà kan náà. Ẹ sì pa owó pọ̀ ra ẹ̀rọ kan fún ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin, dípò kí kálukú máa ra èyí tí kò ní iná. Tí ọ̀dọ́ kan bá wá síwájú yín láìní èsì, ẹ má béèrè iṣu lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í pé: "Báwo lo ṣe máa mọ̀ tí kò bá hù?" Ìdáhùn rẹ̀ á sọ púpọ̀ fún yín.

Ní ti ọmọ mi yìí, àwa mẹ́ta tá a ti fẹ̀yìn tì ti dá owó jọ. Kò pọ̀, owó ìgò mẹ́ta péré ni. A sọ fún un pé a ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ju kó kọ ohun tó bá rí sílẹ̀, ì báà jẹ́ òfo. Ọ̀rọ̀ Kánádà, òun àtọkọ rẹ̀ ló ni ín, mi ò ní dá sí i. Àmọ́ ìgò mẹ́ta yẹn máa kúrò nílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tó bá hù, màá sọ fún yín níbí. Tó bá rà, màá sọ fún yín pẹ̀lú.